Bí Ewì Amẹ́ríkà Ṣe Wọ Kíláàsì ní Agbègbè Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ewì Amẹ́ríkà ṣe di ohun tí à ń kọ́ ọmọ ní agbègbè Ìbàdàn, bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀ nínú igbó ni yóò ṣe máa ṣa ìtàn náà: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, òmíràn sì ti rà. Ohun tí ìwé kan wí, òmíràn á já a. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ sójú kan.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, ewì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kà jù. Ti Amẹ́ríkà kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà.

Ẹ̀yìnkùlé àkọ́kọ́ ni Black Orpheus, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ará Jámánì méjì, Ulli Beier àti Janheinz Jahn, dá sílẹ̀ ní 1957. Ibẹ̀ ni akéwì aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà bíi Langston Hughes ti bá àwọn tiwa pàdé. Ìkejì ni The Horn, ìwé ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní 1958. Ta ló dá a sílẹ̀? Àwọn kan ní Martin Banham, olùkọ́ tó ti Leeds wá. Àwọn mìíràn ní J.P. Clark, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Banham ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Leeds, òun ló sì ti Clark nídìí. Ṣùgbọ́n Clark ni olóòtú àkọ́kọ́, òun ló ń tọrọ ewì lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fún ni ní irúgbìn kọ́ ló ni oko. Èmi fi í fún Clark.

Ẹ̀yìnkùlé kẹta jìnnà sí yunifásítì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, tó kọjá Mọníyà àti Ìrókò, á kan Fíditì. Ní Fiditi Grammar School ni Christopher Okigbo ti kọ́ ọmọ ní Látìnì láti 1958 sí 1960, ibẹ̀ náà ló sì ti gbájú mọ́ ewì. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ á gbọ́ ohùn akéwì Amẹ́ríkà méjì, Ezra Pound àti T.S. Eliot, nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ni Eliot. St. Louis ni wọ́n bí i sí; ọ̀rọ̀ tán.

Ní 1961, wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ nígboro Ìbàdàn. Ní 1962, Mbari tẹ Heavensgate ti Okigbo àti ìwé ewì Clark jáde. Ọdún yẹn náà ni Clark lọ sí Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà. Kò gbádùn ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ nínú America, Their America ní 1964. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà pa Okigbo ní 1967.

Ní 1980, àwọn alárìíwísí mẹ́ta, Chinweizu, Jemie àti Madubuike, bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn akéwì Ìbàdàn pé ohùn àjèjì ni wọ́n ń yá lò. Ariwo yẹn ti pọ̀ jù, n kò ní dá kún un. Jemie fúnra rẹ̀ sì ti kọ odindi ìwé lórí Langston Hughes ní 1976.

Lẹ́yìn náà, omi yí ojú padà: akéwì tiwa ló wá ń kó ewì lọ sí Amẹ́ríkà. Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, fi Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí ti New Orleans ní 1997. Nígbà tí omi ìjì Katrina bo ìlú náà ní 2005, wákàtí 26 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi há sórí àjà ilé wọn. Ewì ọ̀rọ̀ náà, City Without People, jáde ní 2011. Tiwa ni àbí ti Amẹ́ríkà? Kíláàsì méjèèjì ló yẹ kó kà á.

Ní ti òde òní: Rẹ̀mí Ràjí kọ Shuttlesongs America ní 2003, Romeo Oriogun, tó kẹ́kọ̀ọ́ ewì ní Iowa, gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ní 2022, àjọ ìdánwò WAEC sì fi “Caged Bird” (ẹyẹ inú àgò) ti Maya Angelou, akéwì Amẹ́ríkà, sínú ewì tí àwọn ọmọ girama kà láti 2021 sí 2025.

Mo wà ní kíláàsì kan ní abúlé kan ní Lágelú nígbà tí ọmọ kan dìde láti ṣàlàyé ewì yẹn. Tíṣà bi í bóyá ó ti rí ẹyẹ tó há rí. Ó ní àwọn máa ń fi àtè mú ẹyẹ lóko. “Ṣùgbọ́n ẹyẹ àtè kì í kọrin, sà. Ó máa ń pariwo ni.” Tíṣà dákẹ́ díẹ̀, ó ní kó tún ewì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.