Babylon: Sinimá Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ìlú Di Ìgbèkùn Fún

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Franco Rosso wo Lọ́ńdọ̀nù dáadáa kó tó pe sinimá rẹ̀ ní Babylon lọ́dún 1980. Nínú Bíbélì Yorùbá, Bábílónì ni ilẹ̀ ìgbèkùn. Lẹ́nu àwọn Rasta, òun ni ìjọba àti ọlọ́pàá tó ń ni aláwọ̀ dúdú lára. Ìbéèrè mi nínú àròkọ yìí ni pé: báwo ni ìlú tí ọmọ ti dàgbà ṣe ń di ìgbèkùn fún un?

Mẹkáníìkì ni Blue ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Brinsley Forde, olórin ẹgbẹ́ Aswad, ló ṣe é. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sound system kan, Ital Lion, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń lu rẹ́gẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi bá Jah Shaka figẹ̀ wọngẹ̀.

Ọ̀gá Blue lé e níbi iṣẹ́. Ilé ò rọgbọ. Àwọn ọlọ́pàá lé e lóru, wọ́n lù ú, wọ́n sì mú un. Lẹ́yìn náà, àwọn kan wọ ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ sí, wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí àwọn ọ̀rẹ́ náà débi pé wọ́n kọjú ìjà sí Ronnie, ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ òyìnbó. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ lásán ni wọ́n bà jẹ́? Ibẹ̀ nìkan ni ọkàn wọn ti ń balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn kì í ṣe àròsọ lásán. Òfin ọdún 1824 kan tí wọ́n ń pè ní “sus” gba ọlọ́pàá láyè láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó fẹ́ jalè, bí kò tiẹ̀ jí nǹkan kan. Àwọn ọ̀dọ́ dúdú ni ìyà rẹ̀ jẹ jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, Brixton gbiná. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n pa òfin ọ̀hún rẹ́.

Sinimá náà ò sọ Blue di áńgẹ́lì o. Ó gún ọkùnrin kan, ìyẹn ò sì dáa. Àmọ́ a ti rí ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Ní Britain, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò gbọ́dọ̀ wò ó nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni. Ní Amẹ́ríkà, ó di ọdún 2019 kó tó jáde ní ilé sinimá.

Ní ìparí, àwọn ọlọ́pàá ń fọ́ ilẹ̀kùn, Blue ṣì ń kọrin. Ìdáhùn mi nìyí: ìlú kì í di ìgbèkùn lọ́jọ́ kan. Ibi iṣẹ́, ilé, títì, ibi orin: lọ́kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́.