Láti Epo Ọ̀pẹ dé Epo Rọ̀bì: Ìtàn Ọ̀rá Irun ní Ìkirè àti Apòmù

Ìfáárà

Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ lórí epo ọ̀pẹ àti èkùrọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Iye tí ó gba èbúté Èkó kọjá wà nínú ìwé ìjọba amúnisìn. Iye tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó fi rà á náà wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni èkùrọ́ tí obìnrin mú padà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ó fi ṣe àdín, tí ó sì fi pa irun ọmọ rẹ̀. Láti orí irun yìí ni a ó ti wo ìtàn náà nínú iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè tí ó bí i kéré lójú: kí ní fà á tí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fi ń tètè kún fún ọ̀rá, tí ó ń lẹ̀ mọ́ orí, tí ó sì ń kó eruku jọ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé? Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọ̀ orí ẹni náà ni ó yí padà. Òótọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Àbá tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ó yí padà jù ni irú ọ̀rá tí a ń fi sórí àti ètò tí a fi ń mú un kúrò, àti pé ìyípadà yìí kò ṣe é yà kúrò lára ìtàn ọrọ̀ ajé ilẹ̀ yìí.

Apòmù, Ojú Ọ̀nà Ọ̀rá Méjì

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, Apòmù hàn gẹ́gẹ́ bí ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Jíjí ènìyàn gbé àti ìjà lórí ataare ní ọjà náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Nítorí èyí, bí a bá dárúkọ Apòmù, ẹrú àti ogun ni ó máa ń wá sí ọkàn àwọn onímọ̀.

Ṣùgbọ́n ipò ọjà náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Igi òrí kì í gbilẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti Òkè-Ògùn títí dé agbègbè Ìlọrin. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ gbilẹ̀ ní ẹkùn igbó. Níbi tí ará ọ̀dàn ti ń pàdé ará igbó, ó bá ọgbọ́n mu pé òrí àti àdín yóò pàdé bákan náà. Ìkirè, tí ó jẹ́ aládùúgbò Apòmù, wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Obìnrin àwọn ìlú méjèèjì wà ní ipò tí wọ́n ti lè yan ọ̀rá tí ó wù wọ́n.

Àwọn ọ̀rá méjèèjì ti pẹ́. Mungo Park rí bí wọ́n ti ń ṣe òrí ní ilẹ̀ Bámbárà ní 1796. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, òrí bá Ọbàtálá rìn, àdín sì jẹ́ èèwọ̀ Èṣù. Ohun tí ó ti di èèwọ̀ òrìṣà kì í ṣe ohun àná.

Ètò Àtijọ́

Nínú ètò àtijọ́, ọ̀rá kì í fi orí ṣe ibùgbé títí. Onídìrí á tú irun, á fi òòyà yà á, wọn á fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọn á jẹ́ kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni yóò fi àdín tàbí òrí díẹ̀ sí i kí ó tó dì í. Ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí irun tí a fi òwú kó lè wà lórí fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọjọ́ títú irun ni ọjọ́ ìṣirò: ọ̀rá tí ó ti gbó, òógùn àti eruku á jọ bá omi lọ.

Ìdí wà fún ọ̀rá náà. Àwọ̀ orí a máa sun ọ̀rá tirẹ̀, ṣùgbọ́n irun tí ó ká kò jẹ́ kí ọ̀rá yìí rìn dé ṣóńṣó rẹ̀. Nítorí náà ni ìdí irun fi lè máa yọ̀ nígbà tí ìyókù gbẹ. Àdín àti òrí ni a fi ń dí àlàfo yìí.

Ọṣẹ tí ó ń mú wọn kúrò jẹ́ ìbátan wọn. Omi eérú àti ọ̀rá ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, àdín sì wà lára ọ̀rá tí ó dára jù fún un nítorí pé ó ń hó dáadáa. Nígbà tí oko kòkó gbilẹ̀ ní agbègbè yìí ní ọ̀rúndún ogún, eérú èèpo kòkó di ohun èlò ọṣẹ tí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ kan náà ni ó pèsè ohun tí a fi ń pa irun àti ohun tí a fi ń fọ̀ ọ́.

Epo Rọ̀bì Gorí Orí

Ètò yìí kò wó lọ́jọ́ kan. Reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Èkùrọ́ tí ìbá di àdín nílé di ohun títà. Ní 1923 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Lever sílẹ̀ ní Èkó, ọṣẹ ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọṣẹ dúdú dupò. Vaseline, tí Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1872, náà di ọjà orí igbá oníwọ̀sìwọ́sì. Inú epo rọ̀bì ni a ti ń rí i, kì í ṣe inú èso igi.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Eérú lè sọ àdín di ọṣẹ. Kò lè sọ Vaseline di ọṣẹ. Ọ̀rá epo rọ̀bì kì í gbẹ, kì í sì í wọ inú irun lọ. Orí irun ni ó ń dúró sí. Bí a bá fi òmíràn lé e lójoojúmọ́, ìpele lórí ìpele ni yóò máa jẹ́.

Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Olóìbírì. Ní 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ sí òkè òkun. Lẹ́yìn tí iye owó rẹ̀ fò sókè ní 1973, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì pọ̀ sí i lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Udoji ti 1974, ọjà òkèèrè kún ilẹ̀ yìí. Ìkirè wà láàrin ìlú yunifásítì méjì, Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Oge tí ó bá ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì ní láti gba ibẹ̀ kọjá. Ní àwọn ọdún 1980 ni Jheri curl gbòde, irun tí a fi kẹ́míkà ká, tí a sì gbọ́dọ̀ máa fi omi ọlọ́ràá tí glycerin wà nínú rẹ̀ rin lójoojúmọ́ kí ó má baà gbẹ. Àbàwọ́n rẹ̀ lára ìrọ̀rí àti ọrùn aṣọ kò fara sin. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, ìpara òkèèrè gbówó lórí, ṣùgbọ́n àṣà fífi ọ̀rá sórí lójoojúmọ́ ti fìdí múlẹ̀.

Ohun tí Irun Ọlọ́ràá Ń Sọ

Bí irun bá ṣàdédé ń tètè kún fún ọ̀rá, ìtàn yìí kọ́ni láti béèrè ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ara fúnra rẹ̀: nígbà ìbàlágà, àwọ̀ orí a máa sun ọ̀rá púpọ̀ sí i. Omi ara tí ó ń darí ìdàgbàsókè ni ó fa èyí. Irun fífọ̀ lemọ́lemọ́ kọ́ ni ó ń bí i. Èkejì ni ìpara: ṣé ọ̀rá tuntun ni, ṣé ojoojúmọ́ ni, ìgbà wo sì ni a tú irun kẹ́yìn? Ẹ̀kẹta ni omi. Bí omi kànga bá ní èròjà ilẹ̀ púpọ̀, ọṣẹ a máa fi ìdọ̀tí tí ó ń lẹ̀ sílẹ̀ lórí irun. Omi òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ọ̀rá lè jẹ́ ìyókù ọṣẹ.

Ìṣọ́ra kan tún yẹ. Bí ìpẹ́pẹ́ funfun bá ń já bọ́ láti orí tí ó ń yún ni, fífi àdín bò ó kì í ṣe ìwòsàn. Kòkòrò tíńtín kan tí ojú kò lè rí a máa gbé lórí àwọ̀, ọ̀rá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni irú orí bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Kò tọ̀nà láti sọ pé irun àtijọ́ kò ní ọ̀rá, tàbí pé ìpara òde òní nìkan ni ó jẹ̀bi. Àwọn ìyá fi ọ̀rá sórí, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ọjọ́ tí wọ́n ń mú un kúrò. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ètò ni ó ń dènà àṣejù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì fi ṣe nǹkan lọ sí òkè òkun fún oṣù 6, kí èrè iṣẹ́ náà lè kù sílé. Bí ìtàn òrí tuntun bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí àwọn òpìtàn má tún ka kìkì ohun tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ. Kí wọ́n wo ohun tí ó kù lọ́wọ́ onídìrí ní Ìkirè àti Apòmù pẹ̀lú.