Iṣẹ́ Ọba àti Iṣẹ́ Ara Ẹni: Ìwà Òṣìṣẹ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Èkó máa ń sọ, pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láàgùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lásán yóò rò pé ọ̀lẹ ni ó dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òyìnbó tí ó ṣe ọ̀gá nílẹ̀ yìí rò. Wọ́n ní bí owó aláwọ̀ dúdú bá ti tó ohun tí ó fẹ́ rà, ilé ni ó ń lọ. Wọ́n ní bí a bá fi kún ọ̀yà rẹ̀, ńṣe ni yóò tètè lọ. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé a ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lónìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa tí ó kàwé, tí ó sì di ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn.

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó wà lóko ara rẹ̀ kò fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Bí ó bá lọ sí àáró, ó mọ̀ pé ọ̀la yóò kan òun, kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ebè ẹlòmíràn. Bí ó bá lọ sí ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ẹmu wà níbẹ̀, iyì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ti ìwọ̀fà yàtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé orí owó tí a yá. Bí ó ti wù kí ó ṣe é tó, gbèsè kò dín kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí ìwọ̀fà fi ń di àkókò tirẹ̀ mú ṣinṣin, nítorí inú àkókò yẹn nìkan ni ó ti lè rí owó tí yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Ẹnì kan ṣoṣo lè gba gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kọjá nígbà ayé rẹ̀, kí ìṣesí rẹ̀ sì yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀ lóko olówó lè máa sáré lóko ara rẹ̀.

Ọkùnrin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Òṣòdì pàápàá, Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó jẹ́ láàfin Èkó kí ó tó di olórí ogun Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní 1851, Òṣòdì bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọn kò sì padà títí di 1862. Ẹni tí ó bá sọ pé owó nìkan ni ó ń mú ènìyàn ṣiṣẹ́, kí ó sọ fún wa ohun tí Òṣòdì ń rí gbà lọ́wọ́ ọba tí kò ní ìtẹ́.

Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Iddo. Ó gba Òṣòdì kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àárín ìgbà náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, ni àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D. ní Èkó, tí wọ́n tó 3,000, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ padà, ó sì fẹ́ dín owó kù. Àwọn òpìtàn sábà máa ń tẹnu mọ́ owó. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ wákàtí ni ó jinlẹ̀ jù. Ọ̀sán ni òṣìṣẹ́ fi ń ṣe ti ara rẹ̀, bí ìwọ̀fà ti ń ṣe. Ẹni tí ó bá gba ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹrú pátápátá.

Lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀rọ dé Ìsọlọ̀: Afprint, Aswani, Enpee, iléeṣẹ́ aṣọ ni gbogbo wọn. Ẹjọ́ ọ̀lẹ náà kò sì tán. Peter Kilby, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, yẹ ẹjọ́ náà wò nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní 1961. Ó ní kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ ni àbùkù wà. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá ń gbà to iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń bójú tó o ni. Ṣé aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó tilẹ̀ ń fa ọwọ́ sẹ́yìn? Ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ṣọ́ ọkùnrin 14 tí ń so wáyà tẹlifóònù láti 1931 wọ 1932. Àwọn ọkùnrin náà ti fi ẹnu kò láàárín ara wọn lórí ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó tó òòjọ́. Ẹni tí ó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a sì gbá a lápá. Òyìnbó ni gbogbo wọn!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Adrian Peace ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Ìkẹjà tí ń gbé Agége, tí kò jìnnà sí Ìsọlọ̀ wa yìí. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ dàgbà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi owó pamọ́ kí wọ́n lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n di ọ̀gá ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ láti san owó tí ìgbìmọ̀ Simeon Adébọ̀ ní kí a fi kún ọ̀yà, àwọn kan náà tí olúkúlùkù ń wá ọ̀nà tirẹ̀ yìí ni ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà ní 1971. Àwọn oníṣòwò Agége sì wà lẹ́yìn wọn, nítorí ọ̀yà òṣìṣẹ́ ni ó ń bọ́ ọjà. Ọ̀gá tí ó ń wo ìdí ẹ̀rọ nìkan kò lè rí èyí.

Láàárín 1990 àti 2010, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aṣọ ní ilẹ̀ wa ni ó ti ilẹ̀kùn. Orúkọ Aswani kò parẹ́ ní tirẹ̀. Ó ti di orúkọ ọjà lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ ó rí àwọn ènìyàn tí ó tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀lì aṣọ òkìríkà, tí wọ́n ń ṣà, tí wọ́n ń ná, tí òógùn sì ń bọ́ lójú wọn, láìsí fọ́máànù kankan tí ń ṣọ́ wọn.