Kí Abẹ Tó Kan Ara: Ètò àti Ìdènà Kòkòrò Nínú Ìpààrọ̀ Oríkèé

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ John Charnley bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Wrightington, nítòsí ìlú Wigan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro ńlá méjì ló dojú kọ ọ́. Èkíní ni ohun tí yóò fi ṣe oríkèé àtọwọ́dá náà. Teflon tó kọ́kọ́ lò yára jẹ, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo polyethylene, ike tó le dáadáa, tí irú rẹ̀ ṣì wà nínú oríkèé tí wọ́n ń fi síni lára dòní. Ìṣòro kejì kò ṣeé fojú rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nínú aláìsàn 100, nǹkan bí 7 ni ọgbẹ́ wọn ń kẹ̀.

Kí oríkèé àtọwọ́dá gbọyún kì í ṣe ẹgbẹ́ eéwo. Ní ọdún 1957, àwọn olùwádìí Elek àti Conen fi hàn pé ó ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kòkòrò staphylococcus kí awọ ara ènìyàn tó gbọyún, ṣùgbọ́n bí fọ́nrán òwú tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́ kan bá wà níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ti tó. Bí òwú bá lè ṣe èyí, kí ni ká wá sọ nípa irin, ike àti simẹ́ńtì? Kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ara irin, á sì fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀. Oògùn kì í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara náà kì í sì í rí i mú. Tó bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń di dandan kí wọ́n yọ gbogbo irin náà, kí wọ́n fi oògùn bá kòkòrò náà jà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n tó fi òmíràn síbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kejì yìí nira ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ sì ga jù ú lọ fíìfíì.

Charnley gbà pé inú afẹ́fẹ́ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ni púpọ̀ nínú kòkòrò náà ti ń wá. Èépá tín-ín-tìn-ìn-tín ń bọ́ lára ènìyàn ní gbogbo ìṣẹ́jú, kòkòrò sì ń gùn ún bí ẹni wọkọ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó kàn wọlé wá mú nǹkan, kò sẹ́ni tí kì í gbọn tirẹ̀ sílẹ̀. Charnley tọ ẹnjiníà kan lọ, Hugh Howorth, tó mọ̀ nípa sísẹ́ afẹ́fẹ́ fún ilé iṣẹ́ ìpọntí. Wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan sínú tíátà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ sì ń rọ̀ láti òkè rẹ̀ wá sísàlẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Ara aláìsàn wà nínú yàrá náà. Orí rẹ̀ àti dókítà akunnilóorun wà níta. Nígbà tó yá, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wọ aṣọ tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, tí ọ̀pá rọ́bà kan ń fa èémí àti èépá ara wọn jáde. Ní ọdún 1972, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ 5,800, Charnley kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye ọgbẹ́ tó ń kẹ̀ ti wálẹ̀ dé ìdajì ẹnì kan nínú 100, láìlo oògùn apakòkòrò láti fi dènà rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Charnley fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀: ó ka aṣọ tí kòkòrò kò lè gbà kọjá àti ọ̀nà tó gbà ń rán ojú ọgbẹ́ mọ́ ohun tó mú iye náà wálẹ̀. Ìwádìí ńlá tí Lidwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1982, lórí iṣẹ́ abẹ tó lé ní 8,000, gbè é lẹ́yìn. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tónítóní, 0.6 nínú 100 ló kẹ̀. Ní tíátà lásán, 1.5 ni. Àmọ́ àwọn tó gba oògùn apakòkòrò náà ṣe dáadáa ju àwọn tí kò gbà á lọ, kì í sì í ṣe ìbò ni wọ́n fi pín oògùn náà, nítorí náà àríyànjiyàn kò parí.

Ó tún wá gbóná sí i ní ọdún 2011, nígbà tí àkọsílẹ̀ ìpààrọ̀ oríkèé tó lé ní 88,000 ní New Zealand fi hàn pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lábẹ́ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ń kó àkóràn ju àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dámọ̀ràn pé kí wọ́n má gbára lé ẹ̀rọ náà fún ìdènà àkóràn nínú ìpààrọ̀ oríkèé. Ṣé Charnley ṣìnà ni? Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Ìbòrí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń wọ̀ lónìí kò ní ọ̀pá tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹni tó wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ náà sì ń wá ọ̀nà gba etí aṣọ jáde. Ohun tó wà ní Wrightington ni ètò tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ so kọ́ra. Fáànù nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn rà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì fún ilé ìwòsàn tí owó rẹ̀ kò tó ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn. Classen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn 2,847 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Nínú àwọn tó gba oògùn láàárín wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, 0.6 nínú 100 ni ọgbẹ́ wọn kẹ̀. Àwọn tó tètè gbà á jù jẹ́ 3.8, àwọn tó gbà á lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti lé ní wákàtí mẹ́ta jẹ́ 3.3. Oògùn kan náà ni o, aago ló yàtọ̀. Fún orúnkún, oògùn gbọ́dọ̀ ti wọ ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún okùn mọ́ itan, torí bí okùn bá ti fún, oògùn kò lè dé orúnkún mọ́. Àṣà fífún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ gbọọrọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, kò sì ní ẹ̀rí lẹ́yìn. WHO sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdènà ló wà ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tíátà. Aláìsàn tí àtọ̀gbẹ ń bá jà gbọ́dọ̀ ti mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ ní oṣù kan ó kéré tán. Eyín tó ń jẹrà, egbò àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Irun ibi tí wọ́n fẹ́ la kò ṣeé fi réésà fá, torí ó ń ya awọ ara. Kílípà ni kí wọ́n lò tó bá di dandan. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ìwádìí ọdún 2010 fi hàn pé bí wọ́n bá yẹ imú aláìsàn wò, tí wọ́n sì fi ìpara mupirocin àti ọṣẹ apakòkòrò tọ́jú àwọn tó gbé Staphylococcus aureus, àkóràn kòkòrò yìí ń wálẹ̀ láti 7.7 sí 3.4 nínú 100.

Ètò tún kan wíwọn eegun lójú X-ray, kí irin tó bá a mu ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó la ara. Kò síbi tí èyí ti ṣe kókó tó ara ẹlẹ́jẹ̀ SS, àwọn tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń pa orí eegun itan wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí wọn jù lágbàáyé. Ihò mùdùnmúdùn inú eegun wọn sábà máa ń dí, tàbí kó há. Dókítà tí kò bá tọ́jú irin tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ yóò máa gbẹ́ eegun fún wákàtí púpọ̀, tàbí kó lu ú já, gbogbo ìṣẹ́jú tí ọgbẹ́ sì fi wà ní ṣíṣí ni kòkòrò fi ń ráyè. Àkóràn àtijọ́ tún lè fara pamọ́ sínú eegun wọn, kí wọ́n wá a kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tiwọn mu gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Òtútù, òùngbẹ àti àìtó afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ oríkèé fún, tàbí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe tijú láti béèrè: ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ apakòkòrò yóò wọlé, kí ni wọ́n máa fi gé irun, mélòó ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé irin tó bá eegun mu ti wà nílẹ̀? Bí ìdáhùn kan kò bá dáni lójú, ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú.