Ta Ló Fún Yín ní Nọ́ńbà Mi? Bí Ìpè Ọlọ́jà Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Òfin

Ìtàn tòní dá lórí àwọn tó máa ń pè wá láti ta ohun tí a kò bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjà tí wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀ lọ́dún 2003 kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn náà a ó padà sílé, ká wo bí 2442 ṣe dé orí fóònù tiwa.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2003, Dave Barry, aláwàdà tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Miami Herald, wá nọ́ńbà fóònù ẹgbẹ́ àwọn onítàjà orí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní kí àwọn òǹkàwé òun pè wọ́n, kí wọ́n sọ èrò ọkàn wọn fún wọn. Àwọn èèyàn pè. Wọ́n pè débi pé ẹgbẹ́ náà ò lè gbé fóònù mọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dá àwọn tó ń pè lóhùn. Wọ́n wá ń ráhùn pé ìpè wọ̀nyí ń dí àwọn lọ́wọ́ iṣẹ́, ó sì ń ná àwọn lówó. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń ráhùn fún ta?

Kí ẹ tó mọ ìdí tí inú fi bí wọn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti mọ bí ẹ̀rọ àwọn onítàjà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń tẹ nọ́ńbà, ó sì máa ń tẹ ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ju iye òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ, torí ó mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbé e. Bí ẹni tó gbé e bá wá pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, àwọn tó ṣẹ́ kù á máa ṣe "hẹ́lòó, hẹ́lòó" láìsí ẹni tó dá wọn lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn láti pè jù, nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó ti oúnjẹ. Òfin kan ti wà láti ọdún 1991, àmọ́ ohun tó gbà lọ́wọ́ onílé ni pé kó máa sọ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kó má pe òun mọ́. Ilé-iṣẹ́ mélòó lèèyàn fẹ́ sọ ọ́ fún tán?

Ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣí ìwé orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2003. Ẹ fi nọ́ńbà yín síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, nọ́ńbà tó wọlé ti lé ní mílíọ̀nù 10. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ó ti kọjá mílíọ̀nù 50. Nígbà náà, onítàjà tó bá pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lè san ìtanràn tó tó 11,000 dọ́là lórí ìpè kan ṣoṣo.

Àwọn onítàjà gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, adájọ́ kan ní Oklahoma ní àjọ tó ṣí ìwé náà ò láṣẹ láti ṣe é. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi wá nọ́ńbà adájọ́ fúnra rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń pè é. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìdájọ́, ilé aṣòfin méjèèjì dìbò láti fún àjọ náà láṣẹ: 412 sí 8 ní ilé aṣojú, 95 sí òdo ní ilé àgbà. Ìgbà mélòó lẹ ti rí i kí àwọn olóṣèlú yára báyìí?

Ọjọ́ yẹn kan náà ni adájọ́ mìíràn ní Colorado tún dá a dúró. Ó ní kí ló dé tí òfin dí ẹnu ọlọ́jà, tó sì jẹ́ kí àwọn tó ń tọrọ owó àánú máa pè? Ní tèmi, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀, torí ìpè ìpolongo ìbò náà ò sí lára ohun tí òfin náà dí. Ẹ kúkú mọ àwọn tó ń dìbò lé òfin lórí. Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tuntun ní ọjọ́ 29, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti onílé lẹ́yìn ní oṣù kejì ọdún 2004.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ja ìjà yẹn, ta ni ìbá pè wá ta ọjà ní Nàìjíríà? Kí GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlà fóònù NITEL tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 400,000 fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 100. Nígbà tó dé, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Fíláàṣì la fi ń kí ara wa: á dún lẹ́ẹ̀kan, a ó pa á. Oṣù tí Dave Barry ń kọ ìwé tirẹ̀ yẹn gan-an ni Glo wọlé, tó ń gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí owó ìpè ṣe ń wálẹ̀ ni ọlọ́jà náà ń ráyè wọlé.

Tiwa wá yàtọ̀ sí tiwọn. Àkókò oúnjẹ ni wọ́n ń jí níbẹ̀, káàdì ni wọ́n ń jí níbí. Ẹ ò mọ ìgbà tí ẹ gba orin ìpè, tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ bọ́ọ̀lù, àmọ́ owó ti lọ. Ìpín sì wà fún ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú owó náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó yẹ kí ẹ fẹjọ́ sùn náà ń jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí NCC fi ní láti pàṣẹ fún wọn lọ́dún 2016 kí wọ́n ṣí 2442. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀, gbogbo ìpolówó dúró. HELP ni tẹni tó bá fẹ́ yan èyí tó wù ú. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ẹ pe NCC lórí 622.

Àmọ́ 2442 ò mọ ẹni tó ń fi síìmù lásán pè. Ibẹ̀ ni àwọn áàpù ayánilówó gbà wọlé. Ẹ gba owó kékeré, áàpù ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Ọjọ́ tí ẹ bá pẹ́ san án, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, sí àna yín, pé olè ni yín. Ẹni tí wọ́n ń pè ò yá kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà, wọ́n sì ṣe ìlànà ìforúkọsílẹ̀ fún wọn lọ́dún náà. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google náà ò gbà kí áàpù ayánilówó tó wà ní Play Store wo nọ́ńbà inú fóònù yín mọ́. Èyí tí wọ́n bá fi ìlínkì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé kí ẹ gbé sórí fóònù ò sí lábẹ́ òfin Google yìí.