Ewéko tó ń dẹ àtè de kòkòrò

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kòkòrò ló ń jẹ ewé, àgbẹ̀ tí tata ti ba oko rẹ̀ jẹ́ rí kò nílò ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ewéko kan wà nílẹ̀ olótùútù tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń pa kòkòrò jẹ. Pinguicula vulgaris ni orúkọ tí Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ sílẹ̀ fún un lọ́dún 1753. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọ̀rá ni orúkọ náà ti wá, nítorí ńṣe ni ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òrí pa á.

Bó ṣe rí àti ibi tó ń gbé

Ewéko kékeré ni. Ewé rẹ̀ máa ń tẹ́ sórí ilẹ̀ yípo bí ìràwọ̀, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 8, etí wọn sì ká sókè díẹ̀. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ọdún, òdòdó elésè-àlùkò máa ń yọ lókè ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn ewé náà. Bí ìgbà òtútù bá dé, ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ yóò kú, kìkì ọ̀mùnú kékeré kan tó wé mọ́ra pinpin ni yóò kù títí ìgbà ìrúwé.

Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, Rọ́ṣíà, Kánádà àti apá àríwá Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ sí. Ní Bìrìtìkó, orí òkè Scotland, Wales àti àríwá Ẹ́ńgílándì ni wọ́n ti ń rí i jù. Inú àbàtà àti ara àpáta tí omi ń sun jáde ni ilé rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní èròjà tó ń mú ewéko sanra. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń se oúnjẹ bíi ti ewéko yòókù, ṣùgbọ́n ara kòkòrò ló ti ń rí ohun tí ilẹ̀ kò lè fún un.

Bó ṣe ń pa ẹran

Oríṣi ẹṣẹ́ kéékèèké méjì ló wà lójú ewé náà. Èkínní ń sun oje tó ń lẹ̀ bí àtè tí àwọn ọdẹ fi ń mú ẹyẹ. Bí kantíkantí tàbí èèrà bá bà lé e, ó parí fún un. Bó ṣe ń jà ni oje náà ń pọ̀ sí i. Nígbà náà ni oríṣi kejì yóò tú omi tó ń yọ́ ẹran jáde, ewé yóò sì fa ohun tó bá yọ́ mu.

Charles Darwin wádìí rẹ̀ fún ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1875. Nínú ewé 39 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti àríwá Wales, 32 ló ti mú kòkòrò, àpapọ̀ kòkòrò náà sì jẹ́ 142.

Ìwúlò rẹ̀

Lọ́dún 1737, Linnaeus kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Lapland máa ń da wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lé ewé yìí lórí kó lè ki. Ẹni tó bá mọ bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń fi oje bómubómu mú wàrà dì, èyí kò ní í yà á lẹ́nu.

Ewu tó dojú kọ ọ́

Ènìyàn ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Bí wọ́n ṣe ń la kòtò láti fa omi àbàtà gbẹ nítorí oko àti pápá ẹran, bẹ́ẹ̀ ni ó ń parẹ́. Ó ti kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Ẹ́ńgílándì. Ajílẹ̀ tí òjò ń gbá wọ inú àbàtà náà ń ṣe é ní jàǹbá. Ilẹ̀ tó bá ti lọ́ràá, koríko gíga ni yóò gbà á, òjìji rẹ̀ a sì bo ewéko kékeré náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Utricularia wà nínú omi àti àbàtà Nàìjíríà, àpò kéékèèké ni àwọn yẹn fi ń mú kòkòrò omi. Àbàtà tí a bá fi yẹ̀pẹ̀ dí kọ́lé, ohun tó sin sábẹ́ rẹ̀ lè pọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ.