Gìtá Àkọ́kọ́ l'Ékòó: Ta Ni Ọmọ Náà Máa Bá Ta Á?

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi lọ ra gìtá ní Mushin. Ọmọ ọdún 14 ni. Oṣù mẹ́jọ ló fi tu owó jọ: owó ọdún, owó tí àlejò fún un, owó oúnjẹ ọ̀sán tí kò ná. Ká tó dé ìsọ̀ kejì, ó ti rí tirẹ̀, gìtá iná pupa kan tó ń dán yinrin.

"Àǹtí, èyí ni mo fẹ́."

Ọkùnrin tó ń tà á ti gbè é lẹ́yìn kíá: "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ọmọ mú ohun tó wù ú o."

Mi ò tètè fèsì, torí ọ̀rọ̀ gìtá àkọ́kọ́ ti dá egbò sí èmi náà lára rí.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ra gìtá kan fún mi nílé wa ní Surulere. Okùn rẹ̀ ga sókè bí okùn tí à ń sá aṣọ sí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mi níka. Tí mo bá tune ẹ̀, ohùn rẹ̀ á ti yẹ̀ kí n tó ta orin kan tán. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ilé ní mi ò ní ẹ̀bùn orin, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì fà á jáde, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èmi gan-an ò lè ta nǹkan yìí o. Ta ló gbé èyí fún ọmọdé?" Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi dá ara mi lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí igi dá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wo ìtàn. Àwọn tó sọ Èkó di ìlú gìtá, báwo ni wọ́n ṣe yan tiwọn?

Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ò rí gìtá púpọ̀ yàn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ló gbé gìtá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, ló ń ta á káàkiri etíkun, láti Freetown dé Accra dé Èkó. Ìka méjì péré ni wọ́n ń lò: àtàńpàkò á mú ohùn ìsàlẹ̀ dání, ìka ìlábẹ̀ á máa fa orin lókè. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n ló ń kọ́ ọ.

Ní Olówógbowó, ní Erékùṣù Èkó, Túndé King àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó kọrin. Òun ló ń ta báńjò gìtá olókùn mẹ́fà, ẹnì kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń lu tanborín. Ní 1936, ó gba orin sílẹ̀ fún Parlophone. Orin pálọ̀ ni orin yẹn. Èèyàn díẹ̀ ò lè bo ara wọn mọ́lẹ̀, nítorí náà irinṣẹ́ kékeré tó wọn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àyìndé Bákàrè, tó ti ń gbé àwo jáde láti 1937. Yukulélé báńjò, irinṣẹ́ kékeré bíńtín, ló ń ta. Ní 1948, Àkànbí Wright, tí wọ́n ń pè ní Àkànbí Ẹ̀gẹ́, mú gángan wọ orin jùjú. Ẹ̀yin náà mọ gángan: tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ta ló tún fẹ́ gbọ́ yukulélé? Ní 1949, Bákàrè wá máìkì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara irinṣẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára yukulélé báńjò. Bó ṣe gbé e sílẹ̀ nìyẹn, tó gba box guitar. Báyìí ni gìtá tó ń lo iná ṣe wọ jùjú.

Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn náà. Kì í ṣe dídán ni Bákàrè wò. Gángan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bá a yan gìtá.

Lẹ́yìn náà, fàájì alẹ́ kọjá afárá wá sí Mainland. Bobby Benson, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé gìtá iná gun orí ìtàgé ní Nàìjíríà, ní Caban Bamboo ní Ìkòròdú Road. Victor Ọláìyá ní Stadium Hotel ní Surulere. Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Empire Hotel, ní Ìdí-Òrò, ní Mushin. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, ọ̀gá ló sábà máa ń ni irinṣẹ́, nítorí náà ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ gìtá á kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò bá ṣeré. Ebenezer Obey wà lábẹ́ Fatai Rolling Dollar, tó dá African Rhythm Band sílẹ̀ ní 1957, kó tó dá International Brothers tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé ní tirẹ̀ kúrò nílé bí ẹni tó ń lọ sí Yunifásítì Èkó, àfi bó ṣe bá ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Baba Sálà. Ní 1967, ó dá Green Spots sílẹ̀.

Nínú jùjú àti Afrobeat, gìtá ń ṣe bí ìlù. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele á di ọ̀rọ̀ kékeré kan mú, kò ní fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tenor guitar inú ẹgbẹ́ Fẹlá, omele ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìlà kan péré, tó sì lè dì í mú láìyẹ̀, ti ní àyè nínú ẹgbẹ́. Àmọ́ gìtá tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ ò lè ṣe omele fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìsọ̀ Mushin yẹn, mo wá bi ọmọ náà pé, "Ta lo máa bá ta á?"

Ó ronú. "Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọrin. Àti ìkejì tó ń lu kàhọ́n."

"Níbo?"

"Ní báńkónì wa."

Báńkónì, ohùn kan, kàhọ́n kan, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Gìtá iná nílò ampilifáyà, ampilifáyà nílò iná, owó rẹ̀ ò sì tó méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé pupa yẹn padà sórí ìkọ́, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo box guitar.

Ohun tí a wò nìyí, tó bá máa wúlò fún yín. A na ọrùn gìtá síwájú ojú bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, bóyá ó tẹ̀. A wo bí okùn ṣe ga tó níbi irin kejìlá ọrùn: tó bá fi dáadáa ju mìlímítà 3 lọ lórí okùn irin, ìyà ni fún ọmọdé. Okùn ọ̀rá máa ń ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ ìka lọ́rùn. A tẹ gbogbo okùn ní gbogbo ojú irin, bóyá ibì kan ń han gooro. A wo ẹ̀yìn ibi tí wọ́n so okùn mọ́ nísàlẹ̀, torí ooru Èkó máa ń tú gúlúù ibẹ̀. A fi fóònù tune ẹ̀, a ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọdún 14 sábà máa ń lè gbé èyí tó tóbi dé ìwọ̀n. Kó ṣáà jókòó, kó gbé e sẹ́sẹ̀, ká rí i bóyá ọwọ́ rẹ̀ dé.

Èyí tó yege jẹ́ tòkunbọ̀ aláwọ̀ igi, tí nǹkan ti ha níkùn. Owó ṣẹ́kù, a fi ra okùn tuntun, a sì san fún alátùn-únṣe kan láti fá egungun kékeré tí okùn gbà kọjá, kí okùn lè wálẹ̀ sí i. Mo gbé tèmi náà dání lọ́jọ́ yẹn, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tó ìdajì wákàtí tó fi fá a. Ìdajì wákàtí péré ló kù díẹ̀ káàtó láti ọdún yìí wá!

Ọmọ náà ṣì máa ń dárúkọ pupa yẹn, mi ò bá a jà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá rí ìlù ńlá kan gbé wá, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ gìtá iná ti dé nìyẹn. Ní báyìí, ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n máa ń jókòó sí báńkónì. Òun ló ń fa orin. Mo mọ ìlà kan péré, èmi sì ni omele.